Àbàtà Bá Odò Tan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ẹni tó bá ti dúró létí odò rí yóò mọ̀ pé òwe náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Odò ń ṣàn, ó ń dún, ó ń dán lójú oòrùn. Òun ni gbogbo ojú ń wò. Àbàtà dákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní tirẹ̀. Ẹrẹ̀ ni, koríko ni, ẹ̀fọn ń kùn lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdílé wọn yóò pè wọ́n ní àlejò síra wọn. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí odò bá kún àkúnya, inú àbàtà ló ń wọ́ sí. Lọ́jọ́ tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, omi tí àbàtà ti gbà pamọ́ ló ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ tí odò fi ń rí nǹkan ṣàn.

Mo gbé òwe yìí kalẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ títì. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ la òpópónà márosẹ̀ gba ibi tí omi wà kọjá, odò máa ń rí afárá gbà. Yẹ̀pẹ̀ ni ti àbàtà. Típà á da ilẹ̀ pupa sí i, katapílà á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀dà á gorí rẹ̀, ó parí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí rọrùn láti bi, ó sì ṣòro láti dáhùn: bí títì bá pa àbàtà, ta ni ó yẹ kó gba owó gbà-má-bìínú, irú owó wo sì ni?

Ọmọ Ọ̀tà ni mí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Àwórì sì ni wá. Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn baba wa ni pé Olófin Ògúnfúnmiré gbé awo kan lé orí omi, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Wọ́n dúró ní Ìṣẹrì, wọ́n tún ń lọ, títí awo náà fi rì. Wọ́n ní "awo ti rì" ló di Àwórì. Bó ṣe wù kí àwọn onímọ̀ ìtàn tú u wò, ohun kan dá mi lójú nínú rẹ̀: omi ló fún ẹ̀yà wa lórúkọ. Àwọn baba wa kò tẹ̀dó tán kí wọ́n tó máa wá omi; omi ni wọ́n tẹ̀ lé kí wọ́n tó tẹ̀dó.

Ọ̀tà òde òní ń tẹ̀ lé nǹkan mìíràn. Láti Sàngó títí wọ inú ìlú, ilé-iṣẹ́ ló kún ibẹ̀: ti ike, ti irin, ti ọṣẹ, ti ohun mímu, ti oògùn. Ọkọ̀ àjàgbé ni wọ́n fi ń kó ẹrù wọlé, òun náà ni wọ́n fi ń kó ọjà jáde. Ọ̀nà kan lọ sí Èkó, òmíràn lọ sí Abẹ́òkúta, òmíràn gba Ìdí-Ìrókò já sí orílẹ̀-èdè Benin. Títì ti wọ ara wa débi pé òun la fi ń sọ àdúgbò lórúkọ. Tóògéètì ṣì ń jẹ́ Tóògéètì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 2004 ni ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti fòpin sí owó tí wọ́n ń gbà ní irú ibẹ̀. Orúkọ máa ń pẹ́ láyé ju ohun tó ń jẹ́ ẹ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Mo fẹ́ títì. Kò sí ẹni tó ń gbé Ọ̀tà tí kò mọ ohun tí títì burúkú ń fojú èèyàn rí. A ti jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti ìrọ̀lẹ́ títí oúnjẹ alẹ́ fi tutù nílé. A ti rí ọkọ̀ àjàgbé tó dojú dé sínú kòtò pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Aláboyún tó ń rọbí kò lè sọ fún ọmọ inú rẹ̀ pé kó dúró kí títì kọ́kọ́ là. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má la títì nítorí àbàtà, kó wá gbé ọ̀dọ̀ wa fún oṣù kan kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tí mò ń bèèrè ni bí a ṣe ń san gbèsè tí títì bá jẹ omi.

Omi agbègbè wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jìyà. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Covenant tó wà ní Ọ̀tà ti yẹ omi Odò Àtúwàrà wò léraléra, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ń wọ inú rẹ̀, nígbà tí àwọn ará abúlé etí odò náà ṣì ń lò ó. Ìyẹn ní òórùn, ó sì ní àwọ̀. Ojú rí i, imú gbọ́ ọ. Ọ̀nà tí títì ń gbà pa omi lára dákẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sínú àbàtà gba ibi tí omi ń sùn. Ẹ̀ẹ̀kejì, odò tó ti ń fẹjú bó ṣe wù ú nígbà òjò di èyí tí wọ́n rọ́ sínú kọ́fáàtì, ihò oníkọnkéré abẹ́ títì. Bí ihò náà bá kéré, omi á dúró sí apá òkè títì, á máa wá ibòmíràn gbà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí ọ̀dà ń ṣàn wá sínú odò lẹ́ẹ̀kan náà, òun pẹ̀lú epo ọkọ̀ àti eruku táyà. Tẹ́lẹ̀ rí, àbàtà ni ì bá dá a dúró, tí koríko rẹ̀ á sẹ́ ẹ, kó tó jẹ́ kó kọjá. Àbàtà ọ̀hún ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ pa.

Ẹbí wa ní ilẹ̀ kan létí ọmọ odò kékeré kan ní agbègbè yìí. N kò ní dárúkọ odò náà, n kò sì ní dárúkọ títì tó gba orí rẹ̀ kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀. Apá kan ilẹ̀ náà le, ó ṣeé kọ́lé sí. Apá tó kù jẹ́ àbàtà. Ibẹ̀ ni àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ń dá àkùrọ̀ sí. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Láti oṣù Ọ̀pẹ títí di oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí oko àwọn ẹlòmíràn bá ti gbẹ, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ṣì ń yọ lọ́dọ̀ tiwọn. Owó ẹ̀fọ́ yẹn ló rán ọmọ mẹ́ta níwèé.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn awọnlẹ̀ dé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára àwọn ilé tó wà lójú ọ̀nà títì, wọ́n sì pín fọ́ọ̀mù. Nítorí pé ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, tí mo sì ń fi ìwé kíkọ àti ìtumọ̀ jẹun, èmi ni ẹbí ké sí pé kí n wá ka fọ́ọ̀mù náà sétí Bàbá, tí í ṣe olórí ẹbí wa. Àyè wà fún ilé, fún ọgbà, fún kànga, fún igi eléso, fún irè oko. Níbi tó kan àbàtà, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, bí mo bá tú u sí Yorùbá, ni "ilẹ̀ irà tí a kò lò."

"Àjọkẹ́, tún ibẹ̀ yẹn kà," Bàbá wí.

Mo tún un kà.

"Ta ni kò lò ó?"

"Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, sà."

"Mo gbọ́. Ta ni kò lò ó? Omi ń lò ó. Ẹja ń lò ó. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń lò ó. Ó wá ku ta ni?"

N kò rí ìdáhùn fún wọn. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Èdè wa kò ka ilẹ̀ olómi sí ohun kan ṣoṣo. Irà ni ibi tí ẹsẹ̀ ń rì. Àbàtà ni ibi tí omi ti sùn sínú ẹrẹ̀ àti koríko. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ olómi tí ọwọ́ èèyàn ti kàn, tí irúgbìn ń hù lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó sọ èdè yìí lórúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Fọ́ọ̀mù náà ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, ó sì fi "a kò lò" kún un.

Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Òfin ló tẹ̀ lé. Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1978 sọ ní abala 29 ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú: ilé àti ohun mìíràn tí a kọ́, ẹ̀rọ tí a rì mọ́ ilẹ̀, irè oko. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kìkì iye tí ẹni tó ni ín bá san fún ìjọba gẹ́gẹ́ bí owó ilẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gbà á ni òfin ní kí wọ́n dá padà. Ẹ wá fi ìṣirò yẹn wo àbàtà. Èyí tí a kò kọ́lé sí, tí a kò gbin nǹkan kan sí, òfo ni lójú òfin. Bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé jù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí àbàtà òun pé owó, àfi kó kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Wọ́n san owó ẹ̀fọ́ ìgbà kan fún àǹtí mi. Lẹ́yìn náà ni yẹ̀pẹ̀ dé. Ìdajì àbàtà bọ́ sábẹ́ títì, ìdajì tó kù wà ní apá ìsàlẹ̀, odò sì ń gba ojú kọ́fáàtì kan ṣoṣo lọ bá a. Lọ́dún tí wọ́n parí iṣẹ́ náà, òjò oṣù Òkúdù rọ̀ mọ́jú. Omi kò rí ibi tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yíjú sí apá òkè títì, ó wọ ilé oníyàrá méjìlá kan tí ojú yàrá kọ síra wọn, ayálégbé ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan nínú wọn wà níbi iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ike. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé òun gbé àga lé orí bẹ́ẹ̀dì, òun gbé ọmọ ọwọ́ lé orí àga, òun sì dúró sínú omi, òun di ọmọ náà mú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àmì ọ̀dà pupa kò sí lára ilé yẹn. Orúkọ obìnrin náà kò sí nínú fọ́ọ̀mù kankan. Kò ní ilẹ̀, kò ní igi eléso, títì kò sì fọwọ́ kan ilé tó ń gbé. Níwájú òfin, kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Onílé tirẹ̀ tún ń bi í léèrè owó oṣù.

"Owó tí wọ́n san fún mi ti tán," àǹtí mi wí fún mi lẹ́yìn òjò ọdún kejì. "Omi ọ̀hún ni kò tán."

Ọ̀rọ̀ wọn yẹn ló sún mi dé orí gbà-má-bìínú. Ẹ gbọ́ ọ bí ó ṣe wà: gbà, má bínú. Ọ̀rọ̀ tí a ń bá ẹni tí a ṣẹ̀ sọ ni. Ó béèrè nǹkan méjì: ohun tí a ó fi lé e lọ́wọ́, àti inú rẹ̀ tí yóò rọ̀. Bí owó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, inú ẹni tí a ṣẹ̀ kò tíì rọ̀. Àwa sanwó fún ẹni tó ní ilé àti ẹ̀fọ́, a sì fi omi sílẹ̀. Omi kò lè kọ̀wé ẹ̀sùn. Ilé ayálégbé ló gbé ẹ̀sùn tirẹ̀ lọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì ṣáájú wa. Láti 1976 ni Jámánì ti fi í sínú òfin ààbò ẹ̀dá pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ba àyíká jẹ́ gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi dípò. Ní Amẹ́ríkà, abala 404 nínú òfin omi tí wọ́n ṣe ní 1972 kò jẹ́ kí a da yẹ̀pẹ̀ sínú odò tàbí irà tí òfin náà dé láìgba ìwé àṣẹ, ẹ̀ka àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ ló sì ń fúnni ní ìwé ọ̀hún. Ìlànà wọn ní ìpele mẹ́ta. Kọ́kọ́ yẹra fún un. Bí o kò bá lè yẹra, dín ìpalára rẹ̀ kù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, tí o kò lè dín kù mọ́, san án padà. Ẹni tí kò bá tíì dé ìpele kìíní kò gbọdọ̀ fò sórí ìkẹta.

Nínú sísan padà yìí ni òwò ti wọlé. Ẹnìkan lè ra irà tó ti bàjẹ́, kó dí kòtò tí wọ́n fi fa omi rẹ̀ gbẹ, kó gbin koríko àti igi omi padà síbẹ̀. Ìjọba á wọn iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ iye kan sílẹ̀ fún un, agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ la títì á sì wá ra lára iye náà bí ẹni ra káàdì ìpè. Báńkì irà ni mò ń pè é ní tèmi. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2008 fi irú báńkì bẹ́ẹ̀ síwájú, ó sì ní kí wọ́n máa ṣọ́ ibi tí wọ́n tún ṣe fún ọdún 5, ó kéré tán. Ní England, láti ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2024, iṣẹ́ ìkọ́lé ńláńlá gbọ́dọ̀ fi ewéko àti ẹ̀dá àyíká sílẹ̀ ní ìdá 10 nínú 100 ju bí wọ́n ṣe bá a lọ, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 30.

Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká gbé e wọlé láìyẹ ẹ́ wò. Ní 2001, ìgbìmọ̀ National Research Council ti Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò ètò tiwọn, wọ́n sì rí i pé àfojúsùn pé kí irà má ṣe dín kù kò tíì ṣẹ. Irà kan wà tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ tí kò wáyé; òmíràn wáyé, kò sì ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n fi í dípò. Ìṣòro kejì ni ti ibi tí irà tuntun wà. A kì í gba ọmú lẹ́nu ọmọ kan ní Sàngó, ká lọ fi fún ọmọ mìíràn ní Ṣàgámù, ká wá sọ pé ọmú kò dín láyé. Ẹyẹ lè fò lọ bá irà tuntun. Obìnrin tó gbé ọmọ lé orí àga kò lè fò. Iṣẹ́ tí àbàtà ń ṣe fún un, ìtòsí ilé rẹ̀ ló ti ń ṣe é, lórí odò kan náà. Òwe wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: odò kan pàtó ni àbàtà kọ̀ọ̀kan bá tan. Bí a bá fẹ́ san án padà, orí odò tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ la gbọ́dọ̀ ti san án.

Ẹ má rò pé Nàìjíríà kò ní òfin kankan. Láti 1992 ni òfin ti wà tó ní kí wọ́n yẹ ipa iṣẹ́ ńlá lórí àyíká wò kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Òpópónà márosẹ̀ wà nínú àwọn iṣẹ́ tó pọn dandan fún. Abala 7 rẹ̀ fún ará ìlú láǹfààní láti sọ tẹnu wọn kí ìpinnu tó jáde. Ní 2009, àjọ NESREA ní ìlànà tirẹ̀ lórí irà, bèbè odò àti etí adágún. Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí irà ní ìlú Ramsar, ní Iran, ní 1971. Irà 11 ni a ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Òfin 1992 yẹn ka fífa irà gbẹ sí iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n bí irà náà bá tó hẹ́kítà 100 ni. Àbàtà ẹbí wa kò tó hẹ́kítà 2. Ti aládùúgbò wa kò tó bẹ́ẹ̀. Báyìí ni àbàtà Ọ̀tà ṣe ń tán lọ ní kékeré-kékeré, tí kò sí èyí tó tóbi tó láti bọ́ sójú òfin. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2024 lórí òpópónà etíkun tí yóò gùn tó nǹkan bí kìlómítà 700 láti Èkó dé Calabar, awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ lórí àyẹ̀wò àyíká àti owó gbà-má-bìínú. Àwòrán ilé àti ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n wó létíkun ni a ń fi ránṣẹ́ síra wa. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ló fi àwòrán irà ránṣẹ́ sí yín?

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ ẹbí wa. Lẹ́yìn omi ọdún kejì, Bàbá ní kí a kọ̀wé. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ lédè Yorùbá ná, kí àwọn lè gbọ́ ohun tí àwọn ń buwọ́ lù, kí n tó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan mẹ́ta la béèrè. A ní kí wọ́n la ojú kọ́fáàtì mìíràn síbi tí odò ti ń gbà tẹ́lẹ̀. A ní kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ àjẹkù tí wọ́n dà sí ìdajì àbàtà tó kù kúrò, kí wọ́n sì gbin ọ̀pẹ ògùrọ̀ àti koríko omi padà síbẹ̀. A ní kí wọ́n san owó fún àwọn tí yóò máa ṣọ́ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kí àwọn ayálégbé ilé oníyàrá méjìlá sì wà lára wọn. Onímọ̀-ẹ̀rọ kan wá wo ibẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n la kọ́fáàtì kejì. Omi ọdún tó kọjá dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, kò wọlé. A dúpẹ́. Ohun méjì tó kù, a kò gbọ́ èsì kankan.

Láàárín ìgbà yìí ni oníbàárà kan yọjú. Ó fẹ́ ra ìdajì àbàtà tó kù. Yóò fi yẹ̀pẹ̀ kún un, yóò kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, nítorí pé etí títì ni. Iye tó dárúkọ kì í ṣe owó kékeré. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó kéyìn ti gba ìwé ìwọlé sí yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí a tà, kí a pín in. Ó bi mí níwájú ẹbí pé, "Títì tí ìjọba fi ba ìdajì jẹ́, ṣé àwa ni yóò fi ìdajì kejì tọ́jú ẹni ẹlẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, n kò sì lè pè é ní olójúkòkòrò. Ohun tó ń sọ ni pé àwa nìkan ni wọ́n ń retí pé kí a san gbèsè títì, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọkọ̀ ló ń gba orí rẹ̀. Ibí gan-an ni ètò sísan padà ì bá ti wúlò. Bí òfin wa bá ka àbàtà sí dúkìá, bí ẹni tó gba iṣẹ́ títì bá mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ rí irú rẹ̀ fi dípò lórí odò kan náà, ilẹ̀ tí ẹbí wa fẹ́ tà yìí ni ì bá kọ́kọ́ wá bá wa sọ̀rọ̀ lé lórí. Owó tí yóò fi sílẹ̀ lè má tó ti ilé ìkẹ́rùsí. Ṣùgbọ́n yóò jẹ́ owó, yóò sì máa wọlé lọ́dọọdún. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ yóò dá àkùrọ̀ wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ wọn yóò lọ sí yunifásítì, yàrá méjìlá yóò sì gbẹ. Àwọn tó ń gba títì kọjá ni yóò san án, nínú iye tí títì náà náni, kí wọ́n tó da típà yẹ̀pẹ̀ kìíní.

Kí ìyẹn tó dé, iṣẹ́ kan wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè méjèèjì. Bí wọ́n bá fẹ́ la títì gba àdúgbò yín, ìwé àyẹ̀wò àyíká rẹ̀ yóò wà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́. Ẹ béèrè fún un kí ìpinnu tó jáde. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ omi fún àwọn àgbà àti fún àwọn ayálégbé, kì í ṣe fún onílẹ̀ nìkan. Ẹ bi wọ́n bóyá títì lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí kò bá lè yẹ̀, ẹ bi wọ́n bí ojú omi abẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Bí wọ́n bá sì ní àwọn yóò san án padà, ẹ bi wọ́n pé lórí odò wo, àti pé ta ni yóò máa ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá rí "ilẹ̀ irà tí a kò lò" níbẹ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń lò ó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìpàdé ẹbí wa di oṣù Bélú. Oníbàárà náà ti ní òun yóò dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ti ka iye tó kàn án. Èmi náà ti kọ lẹ́tà kejì, mo ti kà á fún Bàbá, wọ́n sì ti buwọ́ lù ú. Ó ku ẹni tí yóò dáhùn.